Kò Sí Àga Nílé Ìtajà Màdáàmù Adéwùnmí

Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rà tí ẹ ò ní í bá nílé ìtajà Màdáàmù Adéwùnmí, lójú ọ̀nà Pólì ní Ìlaròó. Mílíìkì olómi àti oníyẹ̀fun wà níbẹ̀. Ìpara wà, aṣọ ìlédìí ọmọ wà, búrẹ́dì tó ṣì ń rú èéfín wà, àti ìrẹsì tí wọ́n kọ "ìrẹsì abẹ́lé" sí lára àpò rẹ̀, tí gbogbo ìlú sì mọ ọ̀nà igbó tó gbà wọlé láti Kútọnu. Ẹ̀rọ amúlétutù méjì ń fẹ́ sí àwọn oníbàárà lára. Àga nìkan ni ẹ ò ní í rí. Ẹ wá a dé kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń kó páálí òfìfo sí, ẹ ò ní í rí ohun kan tí òṣìṣẹ́ lè fìdí lé.

Màdáàmù ló ṣòfin náà. Ó ní oníbàárà kì í fẹ́ rí òṣìṣẹ́ tó jókòó, pé ó máa ń dà bí ẹni pé ọjà ò tà. Nítorí náà, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, lọ́jọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, ìdúró ni àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ ń dúró. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹun, ìdúró ni wọ́n á fi jẹ ẹ́ nínú ilé ẹrù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì nu ẹnu. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní káńtà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà márùn-ún ló ń wò wọ́n láti òkè àjà, ọ̀kan tilẹ̀ wà nínú ilé ẹrù náà, gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá sì rí ló ń yọ lójú fóònù Màdáàmù, ì báà wà nílé, ì báà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí inú ń run Toheebat, ọmọ tó ń gbowó ní káńtà, ó rọra fìdí lé páálí núdù kan. Ìdí rẹ̀ ò tíì móoru lórí páálí náà tí fóònù káńtà fi dún. "Ta ni yẹn tó jókòó lé ọjà mi lórí?" Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n gé nínú owó oṣù Toheebat.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ béèrè bí aláboyún oṣù márùn-ún ṣe ń ṣe é nírú ibẹ̀, torí pé kò yẹ kí aláboyún kankan wà níbẹ̀ rárá. Ó wà nínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ àti onídùúró wọn fọwọ́ sí: obìnrin tó bá lóyún, kó kó ẹrù rẹ̀. Àyè ẹni tó lóyún tó kó ẹrù rẹ̀ gan-an ni Àrìnpé gbà nígbà tó wọṣẹ́ ní oṣù méje sẹ́yìn. Òun náà ló wá lóyún yìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀, àfi ọkọ rẹ̀ àti Toheebat.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àrìnpé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé páálí ọjà jáde láti ilé ẹrù, kó máa tò wọ́n sórí pẹpẹ, kó sì bá oníbàárà gbé ẹrù dé ìdí mọ́tò. Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ti oṣù àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Màdáàmù. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún gbogbo wọn, ọjọ́ tí èèyàn bá fi ire kúrò ló tó ń san án. Gideon ọkọ rẹ̀ ń fi máṣíìnì gbé ìrẹsì gba inú igbó nígbà kan, àpò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, títí tó fi ṣubú lọ́nà Ọjà-Ọdán tí àwọn àpò náà sì wó lù ú lẹ́sẹ̀. Irin wà nínú ẹsẹ̀ náà báyìí. Ẹ̀gẹ́ ló ń jókòó bó fún àwọn tó ń yan gààrí ládùúgbò, abọ́ gààrí kan ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn nírọ̀lẹ́.

Kì í ṣe pé Àrìnpé fẹ́ràn iṣẹ́ náà ló ṣe ń fara dà á. Ọdún kẹta rèé tó kọ́kọ́ rọbí. Odindi ọjọ́ méjì ló fi rọbí lọ́wọ́ ìyá kan ní Ayétòrò kí wọ́n tó gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n la inú rẹ̀ láti gbé ọmọ náà jáde. Obìnrin ni. Kò sunkún. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà dúró tì í níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó sì ń fà á sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: "Tó o bá tún lóyún, má jẹ́ kí ìrọbí mú ọ rárá kó o tó wá bá wa. Egungun ìbàdí rẹ ò fẹ̀ tó. A máa là ọ́ kí ọjọ́ rẹ tó pé. Tó o bá ní o fẹ́ fúnra rẹ bí i, àpá inú yìí á já, àtìwọ àtọmọ lẹ máa bá a lọ."

Nígbà tí oyún yìí dé, ilé ìwòsàn sọ iye tí iṣẹ́ abẹ máa jẹ́ fún un. Wọ́n ní ó lè máa san án díẹ̀díẹ̀, kó ṣáà ti pé kí oṣù kẹjọ tó parí, nítorí wọn ò ní í gbé abẹ láìrí owó. Wọ́n fún un ní káàdì kan tí wọ́n ń kọ ohun tó bá san sí. Àrìnpé ti rò ó síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn. Tí iṣẹ́ ò bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí i, tó sì gba ti oṣù àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Màdáàmù, owó náà á pé. Oṣù mẹ́ta péré. Ẹ̀mí òun àti ẹ̀mí ọmọ wà lórí oṣù mẹ́ta yìí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ tó bá ń fi ọ̀já gbá inú mọ́lẹ̀ kó tó gbé épírọ́ọ̀nù wọ̀.

Àmọ́ ẹsẹ̀ ò mọ oṣù mẹ́ta. Nígbà tí oyún náà wọ oṣù kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń wú títí okùn bàtà fi ń rì sínú ẹran ara. Tó bá dọwọ́ ọ̀sán, ìbàdí rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń fi ìdè so ó. Toheebat máa ń yọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún un ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, fóònù á dún. Ó ń rò ó pé lọ́jọ́ kan ṣá, òun á kàn wó lulẹ̀ sáàárín ọṣẹ àti ìpara ni.

Ìkúnlẹ̀ ló gbà á. Lọ́jọ́ Ajé kan, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wọlé wá ra bẹ́tìrì rédíò. Àrìnpé kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń kí àgbà. Bàbá náà sì fẹ́ràn ìkíni. Ó béèrè orúkọ bàbá Àrìnpé, ó béèrè agbo ilé wọn, ó rántí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ó béèrè ẹsẹ̀ Gideon, ó wá wúre. Ní gbogbo ìgbà yìí, orí ìkúnlẹ̀ ni Àrìnpé wà. Nígbà tí bàbá fi máa ṣe tán, ẹ̀jẹ̀ ti padà sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ti dẹ̀. Bó ṣe dìde báyìí ni fóònù káńtà dún.

"Toheebat, ta ni ọmọ tó kúnlẹ̀ fún bàbá yẹn?" Ohùn Màdáàmù ń jáde látinú fóònù. "Ó wù mí gan-an ni. Sọ fún àwọn yòókù pé láti òní lọ, kí gbogbo yín máa kúnlẹ̀ kí àgbà dáadáa. A kì í ṣe Òyìnbó níbí."

Ẹ wò ó, òfin tí Màdáàmù ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ṣílé ìtajà, èyí nìkan ni wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ pa mọ́. Orí ewú ò gbọdọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ kí àwọn obìnrin mẹ́rin má sáré lọ kúnlẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n á béèrè àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ní mẹ́wàá, ayọ̀ wọn kún. Nàfíù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó sì ń yẹ àpò àwọn òṣìṣẹ́ wò tí wọ́n bá ń lọ sílé, dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan lọ́jọ́ kan, kò sì dìde títí bàbá náà fi bẹ̀rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án lẹ́jìká kó mọ̀ bóyá kò sí nǹkan. Àwọn àgbà Ìlaròó gbọ́ ìròyìn ibi tí wọ́n ti ń kíni, wọ́n sì ń wọ́ wá. Ọjà ń tà. Màdáàmù ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà síwájú ilé: Ilé Ìtajà Ọmọlúàbí.

Nínú gbogbo àwọn àgbà tó ń wá, kò sí ẹni tí Àrìnpé ń retí bí Ìyá Mákindé. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó gbẹ, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá rẹ̀. Ọjọọjọ́ Sátidé ló máa ń wá ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń falẹ̀. Á gbé ọwọ́ lé Àrìnpé lórí, á máa súre fún un títí tí orúnkún ẹlòmíràn ì bá fi máa dùn ún. Ọmọ mẹ́sàn-án lòun fúnra rẹ̀ bí, ó sì ti fi ọwọ́ gba ti àìmọye ẹlòmíràn. Sátidé kẹta tó wá, ó ti rí iṣan ọrùn Àrìnpé tó ń lù kìkì, ó ti rí bó ṣe máa ń ya ẹsẹ̀ kó tó kúnlẹ̀ àti bó ṣe máa ń fi ọwọ́ ti ìbàdí kó tó dìde. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mú àdúrà rẹ̀ gùn sí i ni. Àrìnpé rò pé ọjọ́ ogbó ló ń fà á.

Sátidé ìparí oṣù ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Èrò kún ilé ìtajà dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ Pólì, àwọn tíṣà, àwọn tó ń ti ọ̀nà Owódé bọ̀. Màdáàmù fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó wọ léèsì, ó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà. Àrìnpé wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ìyá Mákindé nídìí pẹpẹ bisikíìtì. Láti àárọ̀ ni nǹkan kan ti ń fà á nísàlẹ̀ ikùn, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí ìyá náà má tètè ṣe àmín.

"Àrìnpé!" Màdáàmù pè é. "Dìde níbẹ̀ yẹn. Wá bá ọ̀gá yìí gbé ìrẹsì rẹ̀ sí mọ́tò."

Ààbọ̀ àpò ni. Ọkùnrin tó rà á dúró tì í, ó ń tẹ fóònù. Àrìnpé di pẹpẹ mú, ó dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú ìrẹsì náà, ó sì gbá a mọ́ àyà.

"Gbé e sílẹ̀!"

Ọ̀pá Ìyá Mákindé ló dún lórí táìsì tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Gbogbo èrò yíjú. Ìyá náà ń tẹ̀ bọ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, àfi ti Màdáàmù.

"Màdáàmù, ẹ má bínú o. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin gbé ìyẹn. Ẹni méjì ni ọmọ yìí, oyún wà nínú rẹ̀. Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, mo ní n ò ní í sọ̀rọ̀, àmọ́ èyí ò ṣeé wò níran."

Àrìnpé mi orí sí i. Ó tún mi orí. Ojú rẹ̀ ń bẹ ìyá náà, ṣùgbọ́n ìyá náà rò pé ìtìjú ló ń mú un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí.

"Ọlọ́run tó fún ọ, á dá a sí."

"Àmín!" Odindi ilé ìtajà ló dáhùn.

"O ò ní í gbé e dànù."

"Àmín!"

"Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní lo máa sọ̀. Tayọ̀tayọ̀ la máa gbọ́ ohùn ìyá, la máa gbọ́ ohùn ọmọ."

"Àmín o!" Àlájà tó gbé ẹyin dání ṣe é, àwọn ọmọ Pólì ṣe é, ọkùnrin tó ń tẹ fóònù yọ fìlà kó tó ṣe é. Màdáàmù náà ṣe é. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe àmín sí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmín àkọ́kọ́ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí etí rẹ̀ tó sọ ohun tó gbọ́ fún un. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹta, ó ti mọ ohun tó ń ṣe àmín sí, kò sì lè dákẹ́ lójú èrò. Toheebat nìkan ni kò dáhùn. Ó dorí kodò sí ẹ̀rọ tó fi ń gbowó.

Làwọn èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin yẹn gbé ìrẹsì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì fi igba náírà lé Àrìnpé lọ́wọ́ pé kó fi ra ọsàn mu. "Ẹ kú oríire o, Màdáàmù," ni Àlájà ń wí, bí ẹni pé Màdáàmù ni ìyá ọkọ. Màdáàmù ní ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Àrìnpé dúró sáàárín gbogbo ayọ̀ yìí, ó ń dáhùn, ó ń dúpẹ́, ara rẹ̀ sì tutù láti orí dé ẹsẹ̀.

Nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, tí èrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Màdáàmù fi ìka pè é wọ ọ́fíìsì.

"Pa ilẹ̀kùn dé. Oṣù kelòó?"

"Oṣù karùn-ún, Mà."

"Oṣù karùn-ún. Tó o sì ń wò mí lójú." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Àrìnpé kúnlẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ìsinmi. "Ẹ ṣàánú mi, Mà. Oṣù mẹ́ta péré ló kù. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, n ò lè fúnra mi bímọ. Tí owó rẹ̀ ò bá pé, wọn ò ní í ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n máa to ọjà nìkan. Ẹ dín owó mi kù sí ìdajì, mo fara mọ́ ọn."

"Èmi náà bímọ mẹ́rin, Àrìnpé. Ìkà kọ́ ni mí." Màdáàmù nu ojú ara rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tó o sọ yìí gan-an ló tún bà mí lẹ́rù jù. Tó o bá ṣubú sórí táìsì mi, ta lọkọ rẹ máa wá bá? Tí mo bá sì gbà fún ọ, gbogbo àwọn obìnrin tó kù níta yẹn ló máa lóyún kí ọdún tó parí."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ti oṣù àkọ́kọ́ gbà nígbà náà, Mà."

"Ẹni tó fi ire kúrò là ń san án fún. O ka ìwé yẹn, o fọwọ́ sí i. Irọ́ lo pa fún mi."

"Mi ò purọ́, Mà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

Màdáàmù ní kó wá gba ti oṣù yìí lọ́jọ́ karùn-ún, bí àwọn yòókù ṣe máa gba tiwọn. Ó ké sí Toheebat pé kó fún un ní agolo mílíìkì méjì, kó kọ ọ́ sórúkọ òun. Lẹ́yìn náà ló ní kó bọ́ épírọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Toheebat di mílíìkì náà sínú ọ̀rá, ó so ó lẹ́nu. Lẹ́nu ọ̀nà, Nàfíù yẹ àpò Àrìnpé wò bó ṣe gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí kámẹ́rà wà lókè orí rẹ̀. Ó rí ìgò omi, ó rí búrẹ́dì ìjẹta, ó rí káàdì ilé ìwòsàn. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi," ló ń wí lábẹ́lẹ̀, "ẹ má bínú."

Oòrùn mú gan-an níta. Ìyá Mákindé ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó sórí bíríkì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń retí kẹ̀kẹ́ tó máa gbé e lọ sílé. Nígbà tó rí Àrìnpé àti ọ̀rá tó gbé dání, ojú rẹ̀ tàn.

"Ó fún ọ ní mílíìkì! Obìnrin yẹn láàánú. Ó ní kó o tètè lọ sinmi, àbí?"

Inú bí Àrìnpé sí ìyá náà gan-an. Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ó fẹ́ bi í pé ta ló bẹ̀ ẹ́ ní àdúrà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ẹni tó lè bí ìyá òun pé àdúrà tó gbà ló ba ayé òun jẹ́?

"Wọ́n ní kí n máa lọ ni, Màmá."

"Kó o máa lọ báwo? Pátápátá?"

"Pátápátá, Màmá. Wọn kì í gba aláboyún níbẹ̀."

Ìyá Mákindé ká ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Ẹnu mi yìí! Mo rò pé wọ́n mọ̀ ni o. Mo rò pé wọ́n mọ̀, wọ́n kàn ń fi ojú rẹ gbolẹ̀ ni. Ta ló máa rò pé èèyàn ń fi ọmọ inú pamọ́ torí iṣẹ́?" Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń ti ọ̀pá mọ́lẹ̀ pé òun á padà wọlé lọ, òun á lọ bẹ̀ ẹ́, òun á dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Àrìnpé dì í mú. Ó sọ fún un pé kò ní í gbọ́, pé òun ti kúnlẹ̀ fún un. Inú tó ń bí i tẹ́lẹ̀ ti kúrò. Kò sí nǹkan kan tó rọ́pò rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fowó iṣẹ́ náà ṣe gan-an, ọmọ mi?"

"Iṣẹ́ abẹ ni, Màmá. Ilé ìwòsàn ní kí n san án kí oṣù kẹjọ tó parí."

Ìyá náà nu ojú. Ó dà bí ẹni pé ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. "Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń pa ara rẹ? Abẹ ò ní í kàn ọ́! Ilé àgbẹ̀bí wa wà lójú ọ̀nà Ijoun, ìjọ wa ló ni ín, èmi gan-an wà lára àwọn tó ń gbẹ̀bí níbẹ̀. A kì í gba owó. Ọṣẹ, aṣọ funfun, abẹ tuntun tá a fi máa gé ìwọ́ ọmọ, ó tán. Èmi ni mo kó bá ọ báyìí, ọwọ́ mi lo máa bí i sí, wẹ́rẹ́ báyìí."

Àrìnpé dúró, ó ń wo títì. Ó rò ó bóyá ẹnì kan wà tí òun lè yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ Gideon ò ní í sàn kí oṣù kẹjọ tó pé, iṣẹ́ míì kò sì sí tó máa gba obìnrin tí ikùn rẹ̀ ti yọ. Ilé ìwòsàn kò ní í gbé abẹ láìrí owó, ìrọbí ò sì ní í béèrè owó kó tó dé. Tó bá dé bá a nínú yàrá wọn, òun àti Gideon nìkan ńkọ́? Ọwọ́ ìyá yìí, ó kéré tán, ọwọ́ ni.

Kẹ̀kẹ́ kan yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dúró. Ìyá Mákindé gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, ó wá yíjú padà.

"Àfi ohun kan ṣoṣo. Ẹni tí wọ́n bá ti là nínú rí, a kì í gbà á. A kì í fi ìyẹn ṣeré rárá, nítorí ọ̀kan kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún kan, mi ò tíì gbàgbé ojú rẹ̀. Wọn ò là ọ́ rí, àbí wọ́n là ọ́ rí?"

Ó ń wò ó tààrà, pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó ti máa ń rí ohun gbogbo. Àrìnpé kò gbé ojú tirẹ̀ kúrò.

"Rárá, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun. Ọjọ́rú là ń kọ orúkọ, aago mẹ́jọ àárọ̀. Má pẹ́ o."

"Mi ò ní í pẹ́," ni Àrìnpé wí, ó sì bá a gbé ọ̀pá rẹ̀ wọ inú kẹ̀kẹ́.